Bí ẹni tó yà rà ṣe ń di oníbàárà: ìdáhùn sí ìbéèrè olùtajà kan ní Lágéré

Òǹkàwé wa kan kọ̀wé báyìí pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ta gàrí, ẹ̀wà, ìrẹsì, èlùbọ́ àti epo pupa ní ìsọ̀ kékeré kan ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń rà, àmọ́ wọn kì í padà wá. Mo dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀, èrò inú rẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún, síbẹ̀ bí mo bá gbé ọjà síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dáhùn, ńṣe ni àwọn kan ń jáde. Mo dín owó ọjà kù, mo tún ń tà láwìn, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi ni wọ́n ń rọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ọjà rẹ̀ wọ́n ju tèmi lọ. Àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé ìyá náà ní ohun tó ń lò. Kí ni kí n ṣe tí n óò fi ní àwọn oníbàárà tí yóò dúró tì mí?"

Ẹ kú ìrọ́jú, arábìnrin wa, ẹ sì kú àforítì. Mo ka ìwé yín ní àkàtúnkà, mo sì rí i pé kì í ṣe pé ọjà yín kò tà. Ó ń tà. Ohun tó ń dùn yín ni pé àràárọ̀ ni ẹ ń bẹ̀rẹ̀ òwò náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ, tí ẹ ń wojú ọ̀nà pé ta ni yóò yà, tí ẹ kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé lágbájá yóò wá lọ́jọ́ báyìí. Ẹni tó bá ti ṣòwò rí mọ bí ìyẹn ṣe ń tánni lókun. Èmi náà ti pàtẹ ní Ọjà Ifẹ̀ kí n tó máa kọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ìṣirò owó àti ìtọ́jú oníbàárà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ohun tí mo sì fẹ́ sọ fún yín kò ṣòro láti gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba sùúrù láti ṣe. Àwọn tí yóò di oníbàárà yín ti ra ọjà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n lọ láìmọ̀ wọ́n ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ pé ìyá náà ń lo nǹkan kúrò lọ́nà. N kò bá a gbé, n kò sì mọ ohun tó wà lábẹ́ àga rẹ̀, nítorí náà n kò ní búra fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé irú èrò bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe oníṣòwò ní jàǹbá. Ó lè mú kí owó tó yẹ kó ra ọjà wá lọ sọ́wọ́ àwọn tó ń ta awúre, ó sì ń bo ohun tí ẹni kejì ń ṣe ní gbangba mọ́ yín lójú, tó fi jẹ́ pé ẹ kò ní rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ níbẹ̀. Ẹ lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ kí i bí ọmọ ṣe ń kí ìyá, ẹ ra kóńgò ẹ̀wà kan, kí ẹ sì fara balẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń wọn ọjà. Ẹ gbọ́ ohun tó ń bi àwọn tó bá wá, àti ohun tó ń sọ fún ẹni tí ohun tó ń wá kò sí nílẹ̀. Ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ ní àṣírí. Ojú gbogbo ayé ni a ti ń ṣe é.

N óò sọ èyí tí mo fojú ara mi rí. Ìyá kan wà tó ń ta gàrí nítòsí mi nígbà tí mo ṣì ń jókòó lọ́jà. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn yunifásítì wá ra gàrí tí ilé rẹ̀ yóò jẹ fún odindi oṣù kan, owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá náà bu gàrí díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó dà á sẹ́nu, ó mi orí. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, eléyìí kò kan tó bí bàbá wọn ṣe ń fẹ́ ẹ. Ẹ ra kóńgò kan kí ẹ fi sún un síwájú, èyí tó kan dáadáa ń bọ̀ láti Ìpetumodù lọ́túnla." Obìnrin náà ra kóńgò kan ṣoṣo, ó lọ. Àwa tí a wà nítòsí ń wo ìyá náà bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ti owó dànù. Nígbà tí ọ̀túnla pé, gàrí náà dé lóòótọ́, obìnrin náà sì padà wá pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ibi iṣẹ́, gbogbo wọn ló sì rà. Ìyá náà mọ ohun tí ilé yẹn ń jẹ, ó sọ òótọ́ tí kò ṣe àpò rẹ̀ láǹfààní lọ́jọ́ náà, ó dá ọjọ́, ọjọ́ kò sì yẹ̀. N kò tíì rí ohun mìíràn tó ń so oníbàárà mọ́ olùtajà jù báyìí lọ, láti ìgbà yẹn títí di òní.

Ẹ lè sọ pé orí yín kò lè gba gbogbo ìyẹn dúró. Kò sí ìyọnu. Ẹ ra ìwé ẹgẹrẹmìtì kan. Kí ẹ tó kọ nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni síbẹ̀, ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni náà ládùúgbò, ibi tó ń gbé tàbí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, ohun tó máa ń rà, bó ṣe ń fẹ́ ẹ, àti ìgbà tí owó máa ń wọlé fún un. Àwọn tó ti yà lọ́dọ̀ yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ ju mẹ́wàá lọ. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá tún padà, ẹ bi í léèrè ohun tó rà lọ́jọ́sí: ṣé ẹ̀wà olóyin yẹn tètè jinná, ṣé èlùbọ́ yẹn kò ta kókó. Ìbéèrè yẹn yàtọ̀ sí "ẹ̀yin oníbàárà mi, ẹ mà ṣọ̀wọ́n" tí gbogbo èèyàn ń sọ. Ẹni tí ẹ bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun kò tán lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ tí ẹ gba owó. Bó bá sì sọ pé ẹ̀wà náà kò jinná, ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ẹ bá a ṣe ojúṣe yín lórí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ẹni tó ta àpò yẹn fún yín ni ẹ gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ kóńgò yín wò. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ láìfi bò. Kóńgò tí wọ́n ti lù nídìí tí inú rẹ̀ fi wú sókè, tàbí èyí tí a ń da gàrí sí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ kó má baà rìn wọlé, àwọn tó ń rajà mọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí a rẹ́ jẹ nídìí kóńgò kì í sábà bá wa jà. Yóò dúpẹ́, yóò gbé ọjà rẹ̀, yóò sì máa gba ibòmíràn lọ. Nítorí náà, bí àwọn èèyàn kò bá padà wá tí kò sì sẹ́ni tó bá yín ṣe fà-á-ká-ja-á, ẹ má ṣe fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé inú wọn dùn. Èènì ni ìkejì. Èènì tí ẹ fọwọ́ ara yín bù kí oníbàárà tó lanu ń dùn mọ́ ọn nínú; èyí tó jẹ́ pé ẹ̀yìn àríyànjiyàn ni ẹ tó bù ú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni yóò kà á sí. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí èènì jẹ yín lówó, ẹ wọn odindi àpò kan lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú èènì lórí kóńgò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mọ iye kóńgò tó jáde nínú rẹ̀ gan-an, kí ẹ wá fi ìyẹn pín owó orí ọjà, owó ọkọ̀ àti èrè yín. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo kọ́ níṣirò kò ṣe èyí rí. Iye tí ará ẹ̀gbẹ́ ń tà ni wọ́n ń wò tà, lẹ́yìn náà wọ́n á máa fi kóńgò gba ohun tó sọnù padà.

Ẹ ní ẹ dín owó kù, wọn kò sì dúró. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó tìtorí àádọ́ta náírà yà sọ́dọ̀ yín yóò tìtorí ogún náírà kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kò sì dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí wọ́n sì jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ ní oṣù kẹfà, ìbẹ̀rù ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń rajà. Owó tó ra kóńgò ìrẹsì lónìí lè má rà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nínú irú àkókò báyìí, olùtajà tí kò ní já wọn láyà lójijì ni wọ́n ń wá ju ẹni tí ọjà rẹ̀ dínwó jù lọ. Bí ẹ bá mọ̀ pé àpò ẹ̀wà tí ẹ fẹ́ lọ gbé ti wọ́n sí i, ẹ sọ fún àwọn tó wà nínú ìwé yín ṣáájú pé iye àná ni èyí tó kù nílẹ̀, kí wọ́n tètè wá mú. Nígbà tí ẹ̀wà tuntun bá sì dé láti òkè Ọya tí owó rẹ̀ wálẹ̀, ẹ jẹ́ kí tiyín náà wálẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà. Ọ̀pọ̀ wa máa ń yára gbé owó sókè, a sì máa ń lọ́ra láti sọ ọ́ kalẹ̀, àwọn èèyàn sì ń fojú sí i. Ó ṣeé ṣe kí ìyá tí ọjà rẹ̀ wọ́n ju tiyín lọ yẹn jẹ́ ẹni tí owó rẹ̀ kì í yí wọn lójú.

Ọ̀rọ̀ àwìn gba kí a dúró lé e lórí. Ẹ rò pé àwìn yóò so wọ́n mọ́ yín, bẹ́ẹ̀ lílé ni ó sábà máa ń lé wọn. Ẹni tó jẹ yín lówó tí kò tíì rí i san kì í gba iwájú ìsọ̀ yín mọ́, ojú ń tì í; bí owó bá wá bọ́ sí i lọ́wọ́, ìsọ̀ ẹlòmíràn ni yóò ti fi ra gàrí. Báyìí ni ọjà ṣe ń lọ, tí ẹni tó rà á náà ń bá a lọ. N kò sọ pé kí ẹ má ta àwìn rárá, nítorí ìlú òṣìṣẹ́ ni Ifẹ̀, agbede oṣù a sì máa nira. Àwọn Òṣómàáló, ìyẹn àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ru aṣọ láti Iléṣà kiri ilẹ̀ Yorùbá láyé ìjọba òyìnbó, àwìn ni wọ́n fi sọ òwò wọn di ńlá. Ìlóṣòó tí wọ́n ń lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí owó yóò fi yọ ni àwọn èèyàn rántí jù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé wọ́n mọ ilé ẹni tó jẹ wọ́n, wọ́n dá ọjọ́ fún un, wọ́n sì ka gbígba owó sí iṣẹ́ tó tóbi tó títa aṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ dá wà ní ìsọ̀ kò lè fi ọjà sílẹ̀ lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, àwọn tí ẹ mọ ọjọ́ tí owó ń wọlé fún wọn nìkan ni kí ẹ máa tà fún láwìn, kí ó má sì kọjá iye tó jẹ́ pé bó bá bọ́ sómi, èrè ni yóò mú lọ, kò ní kan owó orí ọjà. Ẹ kọ ọ́ lójú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́. Kí ó san ti àkọ́kọ́ kó tó gbé òmíràn. Bí ọjọ́ bá yẹ̀, ẹ pè é ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má ṣe dárúkọ rẹ̀ nínú gúrúùpù láéláé, kí ẹ sì ní kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló ń yọ obì lápò. Ní ti àwọn gbèsè kéékèèké tó ti pẹ́ nílẹ̀, mo mọ̀ pé ó ń dunni, àmọ́ nígbà mìíràn ó sàn kí ẹ ránṣẹ́ sí ẹni náà pé ẹ ti fi jì í, kó máa bọ̀ wá fi owó ọwọ́ rajà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò wá. Àwọn tó bá wá kì í sábà lọ mọ́.

Ohun kan tún wà tí ẹ lè máa dá ara yín lẹ́bi fún láìnídìí. Lágéré kò jìnnà sí yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀ nínú àwọn tó ń kọjá níwájú yín. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ nílùú: ó lọ sílé nígbà ìsinmi, ó sì kúrò pátápátá lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì tún wà. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2020, tó sì dàpọ̀ mọ́ àkókò Kòrónà, kò parí títí di oṣù Kejìlá. Ti ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, ó sì tó oṣù mẹ́jọ. Ìsọ̀ tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló gbójú lé kò lè mí dáadáa nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe kọ akẹ́kọ̀ọ́ o. Wọ́n máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, orúkọ yín lè yí gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì po láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sì lè máa ta ààbọ̀ kóńgò fún wọn pẹ̀lú ọ̀yàyà kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ óò fi ṣe ìpìlẹ̀ ni àwọn tí ilé wọn wà níhìn-ín: àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn olùkọ́, àwọn ìdílé ní Ìlárè, ní Ìrẹmọ àti ní Mọ́dákéké, àti àwọn ìyá olóúnjẹ. Ìyá ẹlẹ́wà tó ń se àsètà lójoojúmọ́ lè ra ẹ̀wà ju ohun tí ogún akẹ́kọ̀ọ́ yóò rà. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé irú wọn máa ń ná ọjà gan-an, èrè orí wọn kéré, wọ́n sì máa ń fẹ́ san lẹ́yìn tí wọ́n bá tà tán. Bí ẹ bá ní méjì tàbí mẹ́ta irú wọn, ó tó. Bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó yín yóò wà nínú ìkòkò oníkòkò.

Níwọ̀n bí ẹ ti ń ta ẹ̀wà, n kò lè fo ọ̀rọ̀ kòkòrò. Àwọn oníbàárà ń bẹ̀rù ẹ̀wà tí wọ́n fín lóògùn ju èyí tí kòkòrò jẹ lọ, wọ́n sì jàre. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos, nítorí pé àwọn èèyàn ń lò ó nílòkulò, títí kan dídà á sórí oúnjẹ. Àpò kan wà tí a ń pè ní PICS, tí àwọn onímọ̀ yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ṣe ètò rẹ̀ nítorí ẹ̀wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun kan lóde. Ẹ̀wà gbígbẹ ni ẹ óò dà sí i, ẹ óò fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ óò sì so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan pinpin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí atẹ́gùn tí kòkòrò ń mí bá tán nínú rẹ̀, kòkòrò kú nìyẹn, láìsí oògùn kankan. Ó wọ́n ju àpò lásán lọ, ọ̀rá rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ lu, àmọ́ ẹ lè lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ẹ bá ń tú àpò náà níwájú oníbàárà tí ẹ sì ń sọ bí ẹ ṣe tọ́jú rẹ̀, ẹ ó rí i bí ojú rẹ̀ yóò ṣe yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí gúrúùpù WhatsApp. Mo fẹ́ bi yín léèrè: àwọn ọ̀ọ́dúnrún yẹn, ta ló ní kí ẹ fi òun síbẹ̀? Ó jọ pé ẹ kó nọ́ńbà tó wà nínú fóònù yín jọ ni, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe. Nínú gúrúùpù, nọ́ńbà kálukú hàn sí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, àwọn ọkùnrin kan á bẹ̀rẹ̀ sí í pe obìnrin tí kò fún wọn ní nọ́ńbà, gbájúẹ̀ náà á sì rí ọ̀nà wọlé. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 tiẹ̀ ka nọ́ńbà fóònù mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ lò bó ṣe wù wá láìka ẹni tó ni ín sí. Àwọn tó ń jáde kò bínú sí ẹ̀wà yín. Wọn kò fẹ́ ariwo ni. Ọ̀nà méjì mìíràn wà lórí WhatsApp kan náà. Ohun tí ẹ bá fi sí status kì í ju wákàtí mẹ́rìnlélógún lọ, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Broadcast ní tirẹ̀, ìyẹn ìránṣẹ́ kan tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ń lọ sọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀, kò gbà ju èèyàn 256 lọ lórí àkójọ kan, ẹni tí kò bá sì tọ́jú nọ́ńbà yín sínú fóònù rẹ̀ kò ní rí i gbà. Àwọn kan ń ráhùn lórí èyí, èmi gbà pé ó dára fún irú yín, nítorí ẹni tó tọ́jú nọ́ńbà yín ti fọwọ́ ara rẹ̀ yàn yín. Ẹ kéde nínú gúrúùpù náà pé ẹ fẹ́ tì í, kí ẹni tó bá fẹ́ máa gbọ́ iye ọjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tọ́jú nọ́ńbà yín kó sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ ogójì péré ló dáhùn, ẹ dúpẹ́, kí ẹ gbé orúkọ wọn sínú ìwé yín.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó láti ránṣẹ́ sí wọn, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù ni ó sì ṣe pàtàkì jù nítorí owó oṣù. Ẹ sọ ohun tó dé, iye tó jẹ́ àti irú ọjà tó jẹ́ ní òtítọ́: "èlùbọ́ yìí dúdú díẹ̀, àmọ́ àmàlà rẹ̀ fa dáadáa." Ẹ fi ohùn ara yín sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹni tí kò lè kàwé náà gbọ́, kí ẹ sì ya ọjà náà ní àtẹ́lẹwọ́ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ẹ má ṣe fi àdúrà àràárọ̀ àti ìròyìn tí a ń tàtaré rẹ̀ kún un. Àdúrà dára, àmọ́ ẹni tó bá ti ń fojú fo ìránṣẹ́ yín lójoojúmọ́ yóò fo ti ìrẹsì náà.

Gúrúùpù ní ìlò tirẹ̀ nígbà tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ bá ní ohun kan tó pa wọ́n pọ̀, ohun tó sì lè ṣe é fún irú òwò yín ni àjọ oúnjẹ. Ẹ mọ̀ ọ́n: oníbàárà ń dá owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tí ó bá di oṣù Kejìlá yóò gba ìrẹsì, epo àti ẹ̀wà tí yóò fi ṣọdún. Ẹni tó ń bá yín dá àjọ yóò máa yà lọ́dọ̀ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò mọ àwọn tí wọ́n jọ ń dá a, yóò sì tún ra gàrí bó ṣe ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ tóbi. Bí ẹ bá ṣèlérí àpò ìrẹsì kan ní oṣù kìíní tí owó rẹ̀ fi ìlọ́po fò sókè kó tó di oṣù kọkànlá, ẹ̀yin ni yóò já lé lórí, orúkọ tí ẹ fi ọdún mẹ́ta kọ́ yóò sì bàjẹ́ láàárín ọjọ́ kan. Iye owó tí kálukú dá ni kí ẹ ṣèlérí láti fi rajà fún un ní iye ọjà ìgbà náà, ẹ má ṣèlérí ìwọ̀n ọjà. Epo àti ẹ̀wà ṣeé rà sílẹ̀ nígbà tí owó wọn bá wálẹ̀, bí ẹ bá ní ibi tí ẹ óò kó wọn sí. Kí owó àjọ má ṣe dàpọ̀ mọ́ owó ìsọ̀, kí káàdì wà lọ́wọ́ oníbàárà, kí àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, kí ẹnì kan nínú àwọn tó ń dá a sì máa yẹ ìwé náà wò lóṣooṣù. Bí ẹ bá mọ̀ pé ìnáwó ilé lè mú kí ẹ fọwọ́ kan owó náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má dá a sílẹ̀. Oníbàárà mẹ́wàá tó ń fi owó ọwọ́ rà sàn ju àjọ tó tú ká lọ.

Ohun tí n kò lè fi ìwé yìí yanjú ni bí ìsọ̀ yín ṣe rí àti iye tí ẹ ń san lórí rẹ̀. Ìtọ́jú oníbàárà kì í yára so èso. Ẹ fún un ní ọdún kan gbáko, kí ẹ máa ka ìwé yín ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan láti mọ àwọn tó padà wá àti àwọn tí ẹ kò rí mọ́, kí ẹ sì pe àwọn tí ẹ kò rí láti béèrè àlàáfíà wọn, láìdárúkọ ọjà. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó wà nínú ìwé náà ń padà wá déédéé, síbẹ̀ tí èrè kò gbé owó ìsọ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti oníbàárà, ibi tí ẹ wà tàbí iye ọjà tí owó yín lè gbé ni kí a yẹ̀ wò. Nígbà náà, ẹ lè ronú láti kó lọ sí ibi tí owó rẹ̀ dínkù, kódà bí kò tilẹ̀ sí lójú títì, nítorí ẹni tó mọ̀ yín yóò wá yín dé inú àdúgbò. Ẹ kàn rí i pé ẹ sọ fún wọn ní oṣù kan ṣáájú, ẹ júwe ọ̀nà fún wọn dáadáa, kí ẹ sì bẹ ará ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín kó máa fi ọ̀nà han àwọn tó bá ń béèrè yín.